TA NI ÈYÍ NÍNÚ FỌ́TÒ? Bí A Ṣe Lè Fi Orúkọ àti Ọdún Sí Àwọn Fọ́tò Àtijọ́ Ìdílé Wa

 

Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, ìtàn ìlú, ìtàn ọba àti ìtàn ẹgbẹ́ ni a sábà máa ń kà. Lọ́tẹ̀ yìí, ìtàn tó wà nínú àpótí abẹ́ ibùsùn ni a fẹ́ mẹ́nu bà. Ìwọ̀nba ni ilé Yorùbá ní Diobu, ní Táùn tàbí ní Rumuokoro tí kò ní àpótí tàbí álíbọ́ọ̀mù kan tí fọ́tò àtijọ́ kún inú rẹ̀. Bí a bá kó wọn jáde lọ́jọ́ ọdún, àwọn ọmọ á bi wá pé, "Dádì, ta ni èyí?" Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kì í rí èsì gidi fọ̀. A ó ní, "Ẹbí wa ni," a ó sì yára ṣí ojú ewé mìíràn.

Iṣẹ́ ìjọba ni iṣẹ́ wa. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí a ti ń tọ́jú fáìlì ní Sẹkitéríàtì. Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ọ̀gá wa kọ́ wa ni pé ìwé tí kò ní ọjọ́, tí kò sì ní orúkọ ẹni tó kọ ọ́, kò ṣeé fi ṣe ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n nínú ilé tiwa gan-an, a kò fi òfin yìí ṣiṣẹ́, ó sì dójú tì wá. Ẹ jẹ́ kí a sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí ẹlòmíràn lè fi kọ́gbọ́n.

FỌ́TÒ TÍ A TẸ̀ SÍNÚ ÌWÉ ÌSÌNKÚ

Ní ọdún 2011 ni bàbá wa jáde láyé. Ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni wọ́n, ṣùgbọ́n Port Harcourt ni wọ́n ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé wọn. Nígbà tí à ń ṣètò ìwé ìsìnkú, a fẹ́ fi fọ́tò bàbá tó bí wọn, ìyẹn bàbá wa àgbà, sí ojú ewé kejì. Fọ́tò mẹ́tàlélógún ni a bá nínú àpótí irin wọn. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ọkùnrin kan tó wọ agbádá, tó jókòó sórí àga níwájú ṣọ́ọ̀bù, tó gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Òun àti bàbá wa jọra bí imú. Gbogbo wa fohùn ṣọ̀kan pé bàbá àgbà nìyí. A tẹ ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà, a sì kọ orúkọ bàbá àgbà sábẹ́ fọ́tò náà gàdàgbà.

Nígbà tí a dé Ìlá fún ìsìnkú, ẹ̀gbọ́n bàbá wa obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Ìlá, gba ọ̀kan. Wọ́n ti lé lọ́gọ́rin ọdún nígbà náà. Wọ́n gbé ìwé náà súnmọ́ ojú, wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni omi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní, "Ta ló sọ fún yín pé bàbá mi nìyí? Bàbá mi ò jókòó níwájú onífọ́tò rí títí wọ́n fi kú. Bàbá yín Kékeré nìyí, àbúrò bàbá mi. Àwọn ló mú bàbá yín lọ sí Pọtakọ́ọ̀tì."

Ẹ̀yin ará, ara wa bù máṣọ. Bàbá Kékeré yìí ló ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Port Harcourt, tó mú bàbá wa wá láti kékeré, tó rán wọn níléèwé, tó sì wá iṣẹ́ fún wọn. Bí kò bá sí i, àwa tí à ń kọ̀wé yìí kì bá tí mọ ìlú yìí. Nínú ìwé ìsìnkú náà, kò sí ibi tí a ti dárúkọ rẹ̀. A mú ojú rẹ̀, a fi orúkọ ẹlòmíràn lé e. A kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ṣùgbọ́n àìmoore ni lójú ẹni tó mọ ìtàn.

FỌ́TÒ NÁÀ TI SỌ̀RỌ̀, ÀWA NI A KÒ GBỌ́

Nígbà tí a padà dé, a gbé fọ́tò náà sí ojú ọjọ́, a fi awò tí ń mú nǹkan tóbi wò ó. Lókè ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà, àsíà kékeré kan wà níbẹ̀. Fọ́tò dúdú àti funfun ni, ṣùgbọ́n ó hàn gbangba pé ọ̀nà mẹ́ta ni àsíà náà pín sí: etí méjèèjì dúdú, àárín funfun. Àsíà Nàìjíríà ni, èyí tí Taiwo Akinkunmi ya àwòrán rẹ̀ ní 1959, tí a sì kọ́kọ́ ta ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹwàá ọdún 1960. Àsíà Gẹ̀ẹ́sì tó wà ṣáájú rẹ̀ ní ilà tó kọjá lórí ara wọn, kò jọ ọ́ rárá.

Ní ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan dúró tí sítíárìn rẹ̀ wà ní ọwọ́ ọ̀tún. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 ni Nàìjíríà fi ọwọ́ òsì sílẹ̀ tí gbogbo ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọwọ́ ọ̀tún. Lóòótọ́, irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò tán lójú títì lọ́jọ́ kan, nítorí náà a kò gbára lé e nìkan. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé ní 1967, bí ogun abẹ́lé ṣe ń bọ̀, Bàbá Kékeré kó gbogbo ará ilé padà sí Ìlá. Wọ́n kò padà wá mọ́. Ìlá ni wọ́n kú sí kí ogun tó parí ní 1970. A jẹ́ pé àárín 1960 sí 1967 ni wọ́n ya fọ́tò náà.

Bàbá àgbà ńkọ́? Màmá Ìlá kò mọ ọdún, ṣùgbọ́n wọ́n rántí pé ọdún tí àwọn sọ́jà Bọ́mà ń dé sílé ni wọ́n kú, nígbà tí àwọn fúnra wọn ti ń kiri ẹ̀kọ. Ìyẹn ni 1945 tàbí 1946. Òkú 1946 kò lè jókòó sábẹ́ àsíà 1960. Bí a bá ti fara balẹ̀ wo fọ́tò náà kí a tó gbé e fún àwọn atẹ̀wé, à bá ti mọ̀.

FỌ́TÒ TI PẸ́ NÍLẸ̀ WA

Àwọn kan rò pé ohun àná ni fọ́tò lọ́dọ̀ wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 1839 ni ilẹ̀ Faransé fi ọ̀nà ìyàwòrán tí Louis Daguerre ṣe han gbogbo ayé. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé fọ́tò wá pé ti baba ńlá òun tó kú ṣáájú ọdún náà ni, ẹ mọ̀ pé ìtàn náà kò dúró.

Ní ìpínlẹ̀ Rivers tí a wà yìí, Jonathan Adagogo Green, ọmọ Bonny tí wọ́n bí ní 1873, ti ń ṣe iṣẹ́ fọ́tò ní Bonny ní àwọn ọdún 1890. Òun ló ya Ọba Ovonramwen ti Benin nínú ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń pè ní Ivy ní 1897, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń gbé ọba náà lọ sí ìgbèkùn ní Calabar. Green kú ní 1905. "J. A. Green" ni ó máa ń kọ sára iṣẹ́ rẹ̀. Nítorí lẹ́tà méjì yìí àti orúkọ tó jọ ti òyìnbó, àwọn kan tó rí fọ́tò rẹ̀ lẹ́yìn ikú rẹ̀ rò pé Gẹ̀ẹ́sì ni. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára fọ́tò, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn bàbá wa tí kò sí lẹ́tà kankan lẹ́yìn tiwọn?

Àwa Yorùbá náà ní ará ìdálẹ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Herzekiah Andrew Shanu, tí wọ́n bí ní Ọ̀tà ní 1858, gba Congo lọ ní 1884, ó di onífọ́tò ní Boma, ó sì wà lára àwọn tó fi ẹ̀rí ìwà ìkà ìjọba Ọba Leopold níbẹ̀ ránṣẹ́ síta. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà lónìí, nítorí pé orúkọ rẹ̀ àti ibi tó ti yà á wà nínú àkọsílẹ̀.

ÌBEJÌ TÍ Ó JẸ́ Ọ̀KAN

Fọ́tò kejì tó kọ́ wa lọ́gbọ́n ni ti ọmọdébìnrin méjì tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, aṣọ kan náà, bàtà kan náà. A ti máa ń sọ fún àwọn ọmọ wa pé ìbejì Bàbá àgbà ni, tí wọ́n dàgbà papọ̀. Màmá Ìlá ní kí a tún un wò. Ìbọ̀sẹ̀ ẹsẹ̀ òsì ọmọ kìn-ín-ní ti wálẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Ti ọmọ kejì náà wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ibi tí aṣọ ọ̀kan ti ká ni ti èkejì ti ká. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì gba àárín wọn kọjá láti òkè délẹ̀.

Ọmọ kan ṣoṣo ni. Ọmọ Bàbá Kékeré ni àwọn ìbejì náà. Táyé kú ní kékeré, Kẹ́hìndé ló kù. Onífọ́tò ya Kẹ́hìndé nìkan, ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, kí Táyé má bàa ṣàì sí níbẹ̀. Bí àwọn àgbà ṣe ń gbẹ́ ère ìbejì nígbà tí ọ̀kan bá kú, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn mìíràn fi fọ́tò ṣe é. Ọmọ Amẹ́ríkà kan, Stephen Sprague, wá sí Ìlá Ọ̀ràngún ní 1975, ó bá àwọn onífọ́tò tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ó sì kọ nípa rẹ̀ ní 1978. Ó ṣàlàyé pé bí ìbejì bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, wọ́n lè wọ aṣọ ọkùnrin fún èyí tó kù, kí wọ́n yà á, kí wọ́n tún wọ aṣọ obìnrin fún un, kí wọ́n sì tẹ méjèèjì papọ̀.

Ẹni tí kò mọ àṣà yìí yóò ka ọmọ méjì sínú ìran níbi tí ọ̀kan ti kú. Nípasẹ̀ fọ́tò yìí ni a fi béèrè ibi tí Kẹ́hìndé wọlẹ̀ sí, tí a fi rí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Jos. A kò mọ̀ wọ́n rí. Àwa tí à ń gbé ní ìdálẹ̀, tí ọmọ wa ń pàdé ọmọ ẹlòmíràn ní yunifásítì àti ní àgùnbánirọ̀, ó yẹ kí a mọ ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ wa, kí àwọn ọmọ ìyekan má bàa fẹ́ ara wọn láìmọ̀.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A MÁA WÒ

(1) Ẹ̀yìn fọ́tò: Ẹ kọ́kọ́ yí i padà. Sítáǹbù sítúdíò máa ń sọ ìlú. Bí ó bá kọ "Eastern Nigeria" mọ́ Port Harcourt, ó ti ṣáájú ọdún 1967. Bí ó bá kọ "Rivers State", kò lè ṣáájú oṣù karùn-ún ọdún náà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ sílẹ̀. Fún àwa ará Ìlá, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni a wà láti 1976 títí di oṣù kẹjọ ọdún 1991, kí ó tó di Ọ̀ṣun. Bí nọ́mbà fóònù ọlọ́nà mọ́kànlá bá wà níbẹ̀, ó ti di 2001 síwájú, nígbà tí GSM dé.

(2) Ohun tó wà lẹ́yìn ẹni: Bí Ilé Kòkó Ìbàdàn tàbí afárá odò Ọya ní Onitsha bá hàn ní pípé, kò ṣáájú 1965. Gbọ̀ngàn National Theatre ní Ìgànmú, 1976 ni. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún aṣọ tí wọ́n ya àwòrán sí ní sítúdíò. Bàbá tó dúró níwájú ọkọ̀ òfúrufú lè má kúrò ní Diobu lọ́jọ́ náà.

(3) Owó àti nọ́mbà ọkọ̀: Iye tí wọ́n kọ ní pọ́n-ùn àti ṣílè ti ṣáájú oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973 tí náírà dé. Nọ́mbà ọkọ̀ tuntun tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó gbé jáde bẹ̀rẹ̀ ní 1992, wọ́n sì tún un ṣe ní 2011.

(4) Aṣọ: Kákí àgùnbánirọ̀ kò lè ṣáájú 1973. Léèsì láti ilẹ̀ Austria gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo dé. Ìró àti bùbá kékeré tí à ń pè ní òlekú jẹ́ ti àwọn ọdún 1960 sí 1970, ṣùgbọ́n ó tún padà wá lẹ́yìn tí fíìmù Ó Le Kú ti Túndé Kèlání jáde ní 1997. Nítorí náà, aṣọ nìkan kò tó. Àwọn sítúdíò mìíràn sì máa ń yá ènìyàn ní kóòtù àti aago ọwọ́.

(5) Ojú: Ilà ojú, ìbá à ṣe àbàjà, pélé tàbí gọ̀mbọ́, lè tọ́ka sí ìlú àti agbo ilé. Bí ilà tí a mọ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún bá wá hàn ní òsì, ó lè jẹ́ pé onífọ́tò yí nẹ́gẹ́tíìfù padà nígbà tó ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo lẹ́tà tó bá wà nínú fọ́tò náà bóyá ó kọ ẹ̀yìn.

(6) Ọmọ ọwọ́: Kò sí aago tó dára tó ọmọdé. Bí a bá mọ ọdún tí wọ́n bí ọmọ tí ìyá gbé sẹ́sẹ̀ nínú fọ́tò, a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ ọdún tí wọ́n yà á.

(7) Ìwé tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí: Fọ́tò aláwọ̀ kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa títí di ìparí àwọn ọdún 1970. Ṣùgbọ́n àwọn onífọ́tò àtijọ́ máa ń fi ọwọ́ kun fọ́tò dúdú àti funfun lọ́dà. Bákan náà, fọ́tò 1950 lè wà lórí ìwé 1990, bí wọ́n bá tún un tẹ̀ fún òkú. Ọjọ́ orí ìwé kọ́ ni ọjọ́ orí àwòrán.

BÍ A ṢE LÈ BI ÀWỌN ÀGBÀ

Gbogbo ohun tí a kà sókè yìí lè fún wa ní ọdún, ṣùgbọ́n kò lè fún wa ní orúkọ. Ẹnu àwọn àgbà ni orúkọ wà. Ẹ má ṣe bi wọ́n pé, "Ọdún wo ni èyí?" Ẹ bi wọ́n pé, "Ṣé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà? Ṣé ogun ti dé? Ọmọ wo lẹ pọ̀n lọ́wọ́?" Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1955, FESTAC wáyé ní 1977, láti ibẹ̀ ni a ó ti ṣírò.

Ẹ má ṣe fi èsì sí wọn lẹ́nu. Bí a bá ní, "Màmá, ṣé bí bàbá àgbà nìyí?" wọ́n lè dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ọ̀rọ̀ lè tán. Ohun tí a ó sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni èyí?" Kí a bi ẹni méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kí a kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Èyí tí kò bá dá wa lójú, kí a kọ "a rò pé" sí i. Àròsọ tí a bá kọ bí òótọ́ lónìí ni àwọn ọmọ wa yóò fi jà sí ilẹ̀ àti oyè lọ́la.

Pẹ́ńsù rírọ̀ ni kí a fi kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò, kí a má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Báírò máa ń ta yọ sójú. Kí a má lẹ fọ́tò mọ́ álíbọ́ọ̀mù onígọ́ọ̀mù. Òjò àti ọ̀rinrin ìlú yìí kò dára fún un, bẹ́ẹ̀ ni èéfín dúdú tó bẹ̀rẹ̀ sí í bà lé ilé wa láti ìparí 2016. Kí a dì í sínú ìwé mímọ́, kí a gbé e sókè kúrò nílẹ̀. Kí a fi fóònù yà á, kí a kọ orúkọ mọ́ ọn, kí a sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹbí ní ìlú mẹ́ta ó kéré tán. Ẹni tó bá rántí 1967 mọ ìdí tí kò fi yẹ kí gbogbo ìrántí ìdílé wà nínú àpótí kan ní ìlú kan.

ÌPARÍ Ọ̀RỌ̀

Láti 2011 ni a ti ń kó àwọn fọ́tò náà lọ bá Màmá Ìlá nígbàkúùgbà tí a bá lọ ilé. Wọ́n dárúkọ àwọn tó wà nínú mẹ́tàdínlógún nínú mẹ́tàlélógún. Ní 2016, kí a tó tún padà lọ, wọ́n sùn. Mẹ́fà ló kù tí kò sí ẹni tó mọ̀ wọ́n mọ́ láyé. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ti ìyá arúgbó kan tó fọwọ́ lé èjìká bàbá wa nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Ẹni tó fọwọ́ lé èjìká ọmọ báyìí kì í ṣe àlejò, ṣùgbọ́n a kò mọ̀ ọ́n.

Nínú álíbọ́ọ̀mù tuntun tí a ṣe, ojú ewé kan wà fún bàbá àgbà. Orúkọ wọn wà níbẹ̀, oríkì wọn wà níbẹ̀, kò sí fọ́tò. A fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, nítorí pé òótọ́ nìyẹn. Ojú ewé tó tẹ̀lé e jẹ́ ti Bàbá Kékeré nínú agbádá wọn, pẹ̀lú orúkọ wọn ní kíkún.

Ẹ̀yin ará, lẹ́yìn àríyá ọdún yìí, ẹ gbé àpótí náà jáde. Ẹ pe àgbà tó kù nílé lórí fóònù, tàbí kí ẹ gbé fọ́tò lọ bá wọn bí ẹ bá ń lọ sílé. Fọ́tò lè dúró dè wá nínú àpótí, àgbà kò lè dúró.

Ọlọ́run yóò dá àwọn àgbà wa sí fún wa o. Àṣẹ.